Ìkìlọ̀ Tí Èmi Nìkan Ń Rí

Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni ní ìmọ̀ kẹ́mísírì ní yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì sọ mí ní Ẹ̀rí-Dà, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè sọ níwájú mi tí n kò ní béèrè pé, "Ẹ̀rí dà?" Mo fẹ́ràn orúkọ náà. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ṣe ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Kì í ṣe aláìmọ̀kan. Kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n tàn jẹ.

N kò kọ ọ́ kí ẹ lè bá mi kẹ́dùn. Mo kọ ọ́ nítorí ó dá mi lójú pé ẹnìkan wà láàárín ẹ̀yin tó ń ka ìwé ìròyìn yìí tó ti ṣe àṣìṣe kan láàárọ̀ òní, tó sì ń ronú bí yóò ṣe bò ó mọ́lẹ̀ kó tó di ọ̀la.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn òbí tí ọmọ wọn ní ikọ́-fée, àìsàn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ásímà. Àbíkẹ́yìn tèmi ló mú mi wọ ẹgbẹ́ náà. Ó ti dàgbà, ó ti kúrò nílé, èmi kò kúrò. Àwa mẹ́tàlélógóje ni. A ní ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, a sì ní òfin kan tí gbogbo òbí mọ̀ sórí: bí o bá ra ínhélà tuntun, ìyẹn ìgò kékeré tí ọmọ ń fà sẹ́nu nígbà tí èémí bá há a, wo ìkànnì kí o tó ṣí i. Bí oògùn tí kò dára bá wà lọ́jà, nọ́ńbà tó wà nídìí ìgò rẹ̀ yóò wà níbẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló kọ́ ìkànnì náà fún wa. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ èmi àti òun nìkan ni páásíwọ́ọ̀dù tó ń ṣí gbogbo yàrá rẹ̀ wà, tèmi lọ́tọ̀, tirẹ̀ lọ́tọ̀.

"Ilé ni, Màmá," ó ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ kan. "Iléeṣẹ́ tó yá wa láyè ni onílé. Àwọn ohun tí ẹ ń kọ wà nínú àká lẹ́yìn ilé. Àwọn àfikún tí mo so mọ́ ọn dà bí iná, omi ẹ̀rọ àti agogo ẹnu ọ̀nà. Bí ọ̀kan bá yarí, ó lè da gbogbo ilé rú. Ẹ jọ̀ọ́, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ má dá a tún ṣe."

"Ṣé mo jọ ẹni tó máa ń gun òrùlé ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó lẹ ìwé kan mọ́ ògiri lókè tábìlì mi, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, nítorí ó ní ìgò ojú mi ti ń purọ́ fún mi. Ìlà mẹ́ta ni. Ẹ ṣe ẹ̀dà kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi fóònù mìíràn wò ó kí ẹ tó sọ pé ó ti dára.

"Kí ni ti fóònù mìíràn?" ni mo béèrè. "Ṣé ojú mi kò tó ẹ̀rí ni?"

"Kọ̀ǹpútà yín ló ya ọ̀lẹ, Màmá. Bó bá ti rí ojú ewé kan lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sápò. Nígbà mìíràn, ẹ̀dà àtijọ́ yẹn ló máa gbé síwájú yín, kó má baà jáde lọ mú tuntun wá. Ẹ ó rò pé ìkànnì lẹ̀ ń wò, àpò ara rẹ̀ ló ń fi hàn yín."

Mo mi orí. Mo gbọ́ ọ. Ohun tó ń dùn mí jù lónìí nìyẹn, pé mo gbọ́ ọ yékéyéké.

Nígbà tó yá, ó lọ fún ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílùú mìíràn. Ẹnu ọ̀nà ló ti tún yíjú padà. "Ẹ pè mí o. Kódà bí mo bá wà nínú kíláàsì, màá jáde síta gbé e."

"Mo ti gbọ́, ìyá mi. Máa lọ kí ọkọ̀ má baà já ọ sílẹ̀."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò oògùn. Ínhélà kan wà lọ́jà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ lásán ló wà nínú rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ pé, páálí rẹ̀ pé, ó ń dún fíì bí ojúlówó, ṣùgbọ́n kò sí oògùn níbẹ̀. Wọ́n kọ nọ́ńbà ìdí rẹ̀ ránṣẹ́. Kí n tó jẹun àárọ̀, mo ti fi ìkìlọ̀ náà sí iwájú ìkànnì wa, pẹ̀lú àwọ̀ pupa.

Ọjọ́ méjì péré ló lò níbẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Alága wa pè mí. Alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ohùn rẹ̀ sì máa ń dún bí ti ẹni tó ń ka orúkọ àwọn tó pẹ́ dé.

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ ti wo ìkànnì wa lónìí?"

"Kí ló ṣe é?"

"Funfun báláú! Kò sí lẹ́tà, kò sí àwòrán, àfi bí ìwé ìdánwò olódo. Àwọn dókítà mà ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta o! A ti sọ fún wọn pé a máa fi hàn wọ́n."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Mo máa tún un ṣe."

"Ẹ̀yin fúnra yín? Mo rò pé ọmọ yín ló máa ń..."

"Èmi fúnra mi."

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kí n tó rò ó. Ní ìpàdé tó ṣáájú, akápò wa ti dìde, ó fẹnu ṣeré pé, "Ṣé kò yẹ ká gba kọ́kọ́rọ́ ìkànnì lọ́wọ́ Màmá kí wọ́n lọ sinmi? Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kọjá ti ìyá àgbà." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo gbé ẹ̀rín wọn lọ sílé, mo sì ń bá a gbé láti ọjọ́ náà.

Mo tẹ nọ́ńbà ọmọ àbúrò mi. Kó tó dún, mo pa á.

Mo jókòó, mo ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa irú àìsàn ìkànnì bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé àfikún kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àtúnṣe tuntun tí kò bá ìyókù mu. Wọ́n ní ó sì lè jẹ́ pé àyè tí onílé fún wa ló kún. Wọ́n ní kí ènìyàn pa àfikún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó máa wò ó bóyá ojú ewé yóò padà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan! Mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Mo wo aago, mo pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Funfun náà lọ. Ìlà dúdú kan ló rọ́pò rẹ̀: ìkànnì kò lè dé ibi tí ohun tó kó pamọ́ wà. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá èmi ni mo ba ìyẹn jẹ́ tàbí ó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí ohun tí mo yí padà ti pọ̀ ju ohun tí mo lè tọpa rẹ̀ lọ. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ mi ló ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, òdo ni ì bá gbà lọ́wọ́ mi.

Mo kọ̀wé sí onílé ìkànnì wa. Òṣìṣẹ́ kan fèsì lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. A ní ẹ̀dà ìpamọ́ ìkànnì yín lọ́wọ́, ti ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn. A lè gbé e padà sípò báyìí. Gbogbo ohun tí ẹ fi síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà yóò parẹ́. Ṣé ẹ gbà?"

"Ṣé kò sí ti àná?"

"Ó lè wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ fún yín. Ì bá dára kí ẹ bi wọ́n kí ẹ tó gbà."

Mo wo fóònù mi. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi gan-an. Mo sọ fún ara mi pé ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló ṣe pàtàkì nínú ohun tó máa lọ, pé n óò tún un kọ lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní pé. Mo kọ ọ́: "Mo gbà."

Nígbà tí wọ́n parí, mo ṣí ìkànnì. Ó ti jí! Àwòrán wà, ètò ìpàdé wà. Lókè pátápátá, pẹ̀lú àwọ̀ pupa, ìkìlọ̀ mi wà níbẹ̀.

Ẹ dúró níbi yìí pẹ̀lú mi. Wọ́n sọ fún mi pé ohun gbogbo láti ọjọ́ mọ́kànlá yóò parẹ́. Ọjọ́ méjì péré ni ìkìlọ̀ náà. Kò yẹ kó wà níbẹ̀. Èmi Ẹ̀rí-Dà rí ohun tí kò ṣeé ṣe, mo sì gbà á, nítorí pé ó dùn mọ́ mi. Mo ní òṣìṣẹ́ yẹn kàn ń dẹ́rù bà mí ni. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo lọ po tíì.

Ìwé tó wà lára ògiri kò ju ìwọ̀n apá kan lọ sí orí mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, aránṣọ mi pè. Òun náà wà nínú ẹgbẹ́ wa. Òpópónà kan náà la jọ ń gbé, òun ló máa ń rán aṣọ fún mi, ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí, ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ tó máa ń kó gbogbo bọ́tìnnì tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù sínú agolo. Mo ń gbọ́ ìró maṣín-ìn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà. Aṣọ yín máa yá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má bínú."

"O ti sọ bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá."

"Ti ọ̀tẹ̀ yìí ti dé ọrùn, mà! Ọrùn ló kù." Ó rẹ́rìn-ín. "Nǹkan tí mo fẹ́ sọ ni pé mo ra ínhélà tuntun fún ọmọ. Mo ti wo ìkànnì wa. Nọ́ńbà rẹ̀ kò sí níbẹ̀."

Ìkìlọ̀ náà wà níwájú mi bó ti ń sọ̀rọ̀, ó pupa fòò. Mo rò pé òun náà ti kà á. Ká ní mo sọ pé, "Ka nọ́ńbà ọwọ́ rẹ fún mi," ìtàn yìí ì bá parí síbẹ̀.

"Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí ìṣòro," ni mo wí. "Ṣí i fún un."

"Ẹ ṣé, mà. Ọkàn mi ti balẹ̀ báyìí."

Ìpàdé ọjọ́ Àbámẹ́ta lọ dáadáa. Kọ̀ǹpútà tèmi ni wọ́n fi fi ìkànnì han àwọn dókítà lára ògiri. Ọ̀kan nínú wọn tọ́ka sí àwọ̀ pupa náà, ó ní, "Ẹ káre. Báyìí ló yẹ kó rí." Àwọn bí ọgbọ̀n ló wá. Aránṣọ kò wá. Iṣẹ́ àwọn oníbàárà ti ká a mọ́. Alága ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, akápò sì bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Màmá, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

"Jẹ ẹ́ tán," ni mo wí, gbogbo wọn sì tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ti ọjọ́ náà dùn létí mi.

Ní ọjọ́ Àìkú, ìyá kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ètò ìpàdé tó wà lórí ìkànnì ti pẹ́. Mo fèsì pé kó wò ó dáadáa. Bàbá kan kọ̀wé pé òun kò rí àwòrán tuntun. Mo ní fóònù rẹ̀ ló níṣòro. Ẹni méjì ti wí ohun kan náà lọ́jọ́ kan. N kò béèrè ẹ̀rí.

Ọjọ́ Ajé ni mo lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Àwọn tó ṣáájú mi pọ̀, mo bá mú fóònù láti fi pa àkókò. Mo ṣí ìkànnì wa. Ètò ìpàdé oṣù tó kọjá ló wà lókè. Mo fà á sísàlẹ̀. Mo fà á sókè. Kò sí àwọ̀ pupa kankan.

Nọ́ọ̀sì pe orúkọ mi. Mo ti jáde.

Nílé, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo gbé fóònù lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìkànnì kan náà, ojú méjì. Lórí kọ̀ǹpútà, ìkìlọ̀ wà. Lórí fóònù, kò sí. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀dà inú àpò rẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì tún ojú ewé náà ṣí. Pupa náà lọ níwájú mi, wéré, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí.

Láti Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin. Nínú gbogbo ayé, èmi nìkan ló ń rí i.

Àwọn onínúure máa ń sọ fún mi pé àṣìṣe ni. Àṣìṣe parí sí ibi tí mo wà yìí. Ohun tó tẹ̀ lé e kì í ṣe àṣìṣe.

Mo tún ìkìlọ̀ náà kọ. Nígbà tí mo fẹ́ fi síta, mo rí àpótí kékeré tí wọ́n ti ń yan ọjọ́. Ẹ̀rọ náà gbà kí ènìyàn yan ọjọ́ tó bá wù ú. Mo yan ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wákàtí tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó wá dà bí ẹni pé kò kúrò níbẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà mo mú ìwé orúkọ ẹgbẹ́, tí nọ́ńbà fóònù gbogbo wa wà nínú rẹ̀. Mo wò ó títí dé ibi tí nọ́ńbà aránṣọ wà. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Mo rántí ìpè rẹ̀ ọjọ́ Ẹtì. Mo rántí ohun tí mo sọ. Bí mo bá pè é, yóò béèrè ìdí, yóò sì sọ fún Alága. Akápò yóò gbọ́. Mo ní ìkìlọ̀ ti padà síbẹ̀, ó lè tún un wò fúnra rẹ̀. Mo ní màá pè é lọ́la, bí mo bá ti rí bí mo ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀.

Mo dá ìwé náà padà sínú àpótí tábìlì.

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́ta ọ̀sán, ọmọ aránṣọ ń sáré nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí èémí há a. Olùkọ́ rẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó mú ínhélà tuntun náà jáde, ó fún un sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó ń dún fíì. Ọmọ náà ń fà á tọkàntọkàn. Wọ́n ní ètè rẹ̀ ti ń dúdú nígbà tó mi orí sí olùkọ́ náà, bí ẹni ń sọ pé kó yé gbìyànjú.

Alága ló pè mí. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, aránṣọ àti ọkọ rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù, wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn onígíláàsì kan. Okùn ìwọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti ṣí ìkànnì wa lórí fóònù.

"Ó wà níbẹ̀!" Ó na fóònù náà sí ìyàwó rẹ̀ lójú. "Nọ́ńbà náà rèé! Wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́! Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá!"

"Mo wò ó. Kò sí níbẹ̀."

"Ṣé fóònù ló ń purọ́ ni? O kò wò ó! Maṣín-ìn lò ń wò!"

"Mo wò ó, bàbá ọmọ mi. Mo bẹ̀ ọ́. Mo wò ó." Ó rí mi, ó sì di apá mi mú. "Mà, ẹ bá mi sọ fún un. Mo pè yín lọ́jọ́ Ẹtì. Mo sọ fún yín pé nọ́ńbà rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àbí n kò pè yín?"

Àwọn méjèèjì ń wò mí. Alága náà ń wò mí.

"O pè mí," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ lọ́sẹ̀ yẹn."

Ó tú apá mi sílẹ̀. Mo rí i nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ara rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ti ẹlòmíràn. "Bóyá n kò wò ó dáadáa," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bóyá n kò fà á dé òkè."

Mo jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn òbí mìíràn fi ń sọ pé àwọn náà kò rí ìkìlọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Alága wá bá mi nílé. Ó jókòó sábẹ́ ìwé tó wà lára ògiri.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé ó ṣeé ṣe kí nǹkan ti ṣe ìkìlọ̀ náà?"

"Kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ mi." Mo gbọ́ ohùn ara mi, ó tutù, ó ṣe déédéé, ohùn tí mo fi kọ́ni fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. "Ọmọ àbúrò mi ló ní kọ́kọ́rọ́ kejì. Ó máa ń fọwọ́ kan nǹkan láti ibi tó bá wà. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ṣe é."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ bá wa kọ lẹ́tà sí i pé kó dáwọ́ dúró."

Mo kọ lẹ́tà náà. Ojú ewé kan péré ni, kò sí àṣìkọ kan nínú rẹ̀.

Ọmọ náà lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ilé ìwòsàn kó tó là á já. Ìpàdé ẹgbẹ́ bọ́ sí ọjọ́ kejì tí wọ́n dá a padà sílé. Yàrá náà kún. Aránṣọ jókòó sẹ́yìn, ọkọ rẹ̀ fi àga méjì sílẹ̀ láàárín wọn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ìwé ìpàdé tó kọjá nígbà tí ọmọ àbúrò mi wọlé. Kò gba ilé mi kọjá. Báàgì ìrìn-àjò ṣì wà léjìká rẹ̀, ìwé mẹ́fà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà. Ó kí èmi náà.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ka nǹkan kan. Onílé ìkànnì wa ló tẹ̀ ẹ́ fún mi. Ẹ̀rọ wọn máa ń kọ gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá ṣe sílẹ̀, pẹ̀lú wákàtí àti orúkọ ẹni tó ṣe é."

Ọdún mẹ́ta ni mo fi mú ìkànnì náà lọ́wọ́, n kò mọ̀ pé ó ń kọ orúkọ mi sílẹ̀.

"Kà á," ni Alága wí.

Kò wo ojú mi. "Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì. Akọ̀wé pa àfikún mọ́kàndínlógún. Ọjọ́ kan náà, aago mọ́kànlá ààbọ̀. Akọ̀wé gbà kí wọ́n gbé ẹ̀dà ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn padà sípò." Ó ṣí ìwé kejì. "Láti wákàtí náà, ìkìlọ̀ kò sí lórí ìkànnì mọ́. Ọjọ́ Ajé, aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú méje. Akọ̀wé kọ ìkìlọ̀ tuntun. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, akọ̀wé yí ọjọ́ rẹ̀ padà sí ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú."

Ó to àwọn ìwé náà sórí tábìlì níwájú mi, ó sì tò wọ́n gún régé, bí mo ti kọ́ ọ nígbà tó wà ní kékeré.

Ọkọ aránṣọ ló kọ́kọ́ mira. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà kò wò ó. Ó ti dìde.

"Ọjọ́ Ajé, mà?" ó bi mí léèrè. "Aago méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Aago mẹ́ta ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọmọ mi ṣubú."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo rí i tó ń ka wákàtí lọ́kàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

"Ẹ ní nọ́ńbà mi, mà," ó wí.

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, bóyá ǹ bá rí oorun sùn lóṣù yẹn.

Alága ní kí n kó ẹrù mi, kí n máa lọ, wọn óò dìbò lẹ́yìn mi. Mo ti ń dìde nígbà tí aránṣọ tún sọ̀rọ̀.

"Ẹ má lé wọn, sà. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ fún ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n bí ìkìlọ̀ bá tún dé, kó má jẹ́ ìkànnì nìkan la ó máa wò. Àwọn ni kí wọ́n máa pè wá. Lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa. Kí wọ́n máa gbọ́ ohùn ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀."

Títí dé òpin, "wọn" ló pè mí, "mà" ló sì pè mí. N kò tíì gba ìyà tó wúwo ju ọ̀wọ̀ yẹn lọ.

Ọmọ àbúrò mi ti gba iṣẹ́ rẹ̀ padà. Nígbà tó wá gba páásíwọ́ọ̀dù, mo nawọ́ kí n já ìwé ara ògiri fún un. "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, mà," ó ní. Láti ìgbà náà, kò tíì pè mí ní Màmá.

Ọmọ aránṣọ ti padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Kíláàsì tó ti kọjá ni wọ́n dá a padà sí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè mú bọ́tìnnì mọ́. Ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró láàárín gbólóhùn, bí ẹni ń wá ohun tó jábọ́.

Ìgbà mẹ́rin ni ìkìlọ̀ ti dé láti ọjọ́ náà. Ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ti pe gbogbo ènìyàn tó wà nínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́. Odindi ọjọ́ méjì ló máa ń gbà mí. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí fóònù dún títí kó fi dákẹ́, n óò tún pè. Àwọn kan wà lójú ọ̀nà, àwọn kan ń wẹ̀, àwọn kan a bú mi kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu mi.

Aránṣọ ni mo máa ń kọ́kọ́ pè. "Mo ń gbọ́, mà," ni yóò wí. N óò ka nọ́ńbà ìdí ìgò fún un. Yóò tún un kà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìkánjú. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, tó dúró, tó mí, tó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ìyá rẹ̀ á pa fóònù.

Ọ̀sán tàbí àárọ̀, bí maṣín-ìn ti wù kó máa pariwo tó, n kò tíì pè é rí kí fóònù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e.